Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ Fún Ọmọ Nínú Yàrá Àwọn Olùkọ́?

Ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkìtì, ìjókòó kan wà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kì í sí níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ á pé jọ, igbákejì pírínsípà á ṣí ìwé, orúkọ ọmọ kan á jáde: ó sá kíláàsì, ó fún olùkọ́ lésì, wọ́n bá fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pẹ́ dé. Wọ́n á sọ ọ́ síwá, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n á fẹnu kò. Ọmọ náà wà níta, ó dúró tira mọ́ ògiri, ó ń retí ohun tí wọ́n bá pinnu lé e lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ tirẹ̀.

Kánsẹ́lọ̀ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó láti mọ ohun tí àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ mi jẹ́. Lójú àwọn òbí, èmi ni wọ́n ń kó ọmọ tó ń ya ìpáǹle lọ bá. Àwọn olùkọ́ a máa kọ ìwé pélébé lé ọmọ lọ́wọ́: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi gbà á nímọ̀ràn.” Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ọmọ wọlé sọ́dọ̀ mi ní alágídí, kí ó sì jáde ní onígbọràn. Mo ń ṣe èyí náà. Ọmọ wà tó nílò kí ènìyàn jókòó tì í, kí ó fi sùúrù bá a sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tán, tí mo rí i pé òfin ilé ìwé ló ń ni ín lára, tàbí pé ilé ló ti ń gbọgbẹ́ wá, tàbí pé olùkọ́ kan ló ń pọ́n ọn lójú, kí ni ìmọ̀ràn fẹ́ ṣe fún un? Mo gbọ́dọ̀ dìde lórí àga mi kí n lọ bá ẹni tó lágbára láti yí nǹkan náà padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní yunifásítì, ìtàn St Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ní 1959, àwọn sístà ìjọ Àgùdà tó ń darí ilé ìwé ọmọbìnrin náà wo àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ò mọ irú iṣẹ́ tó wà lóde. Wọn ò jókòó máa wàásù fún wọn pé kí wọ́n múra sí ẹ̀kọ́. Wọ́n jáde lọ pe nǹkan bí 20 ènìyàn tó ti dántọ́ nídìí iṣẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n ní kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Nínú 60 tó ń parí lọ́dún náà, 54 ni ètò yìí ràn lọ́wọ́ láti mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àgbàlagbà ló gbéra lọ kan ilẹ̀kùn fún ọmọ. Ní 1976 àwọn kánsẹ́lọ̀ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní CASSON, nígbà tó sì di 1977, Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè sọ pé kí wọ́n máa yan kánsẹ́lọ̀ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama.

Mo máa sọ ìtàn díẹ̀. Mo ti yí ìlú, ọjọ́ orí àti àwọn nǹkan mìíràn padà nínú wọn, nítorí pé ọmọ tó fi àṣírí lé mi lọ́wọ́ kò ní kí n gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ilé ìwé kan tí mo wà nígbà kan rí, àwọn tó bá pẹ́ dé á kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n á jẹ ẹgba, wọ́n á sì gé koríko títí àwọn yòókù á fi ṣe ẹ̀kọ́ méjì tán nínú kíláàsì. Ọmọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ kì í kúrò láàárín wọn, ọmọ Ẹ̀bìrà tí bàbá rẹ̀ ń dáko iṣu ní abà kan tó jìn sí ìlú. Wọ́n gbé e wá bá mi pé olórí kunkun ni, pé ẹgba ò ràn án mọ́. Mo bi í bó ṣe ń jí. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ lòun ti ń pọnmi, òun á bá bàbá òun débi ebè, lẹ́yìn náà ni òun á wọ aṣọ ilé ìwé, òun á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ dé ojú títì. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ọ̀kadà kì í gba ọ̀nà náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbínú, bí ẹni tó ń ka ohun tó wà nínú ìwé.

Mo lọ gba rẹ́jísítà àwọn tó ń pẹ́ dé lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń dúró ní géètì. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án, mo ń kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé síwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Àwọn ọmọ inú ìlú a máa pẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn ò sì pọ̀. Àwọn orúkọ tó ń padà wá ní ojúewé kan tẹ̀lé òmíràn, ti àwọn ọmọ abà ni. Ọ̀nà wọn jìn, ẹgba ò sì lè mú ọ̀nà kúrú.

Mi ò gbé e lọ sí ìpàdé olùkọ́. Mo gbé rẹ́jísítà náà lọ bá pírínsípà ní ọ́fíìsì wọn nígbà tí ilé ìwé ti túká. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.” Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe. Mo ti retí ìbéèrè yẹn, nítorí ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn lọ bá ọ̀gá láìgbé àbá dání, ìráhùn ló gbé lọ. Mo ní kí wọ́n gbé Ìṣirò kúrò ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀, nítorí àwọn ọmọ yìí ò bá a rí. Mo ní kí ilé ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí tó wà lábà, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí iṣẹ́ oko ọmọ di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo tún ní kí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ní àkókò tiwọn tí géètì yóò fi ṣí fún wọn. Wọ́n gba méjì àkọ́kọ́. Wọn ò gba ìkẹta, wọ́n ní bí àwọn bá ṣe é fún àwọn kan, àwọn ò ní lè dá àwọn yòókù lẹ́kun. Mo ṣì gbà pé ó ṣeé ṣe, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìṣirò, àwọn obìnrin abà méjì sì wá síbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e, èyí tí a ò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹnì kan lè sọ pé Yorùbá ti ní irú èyí tipẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ tó bá ṣẹ bàbá rẹ̀ mọ ilé tí òun máa sá lọ, bóyá ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, bóyá ọ̀dọ̀ ará àdúgbò kan tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún. Àgbà náà á fà á lọ́wọ́ padà sílé: “Ẹ dákun, tèmi ni kí ẹ wò.” Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mo sì mọ iyì rẹ̀. Ọmọ tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò ló ń sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé ọmọ jẹ̀bi, àánú ló ń wá fún un. Bí ọmọ ò bá wá jẹ̀bi ńkọ́? Ọmọ tó jẹ pé abà ló ti ń rìn bọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a tọrọ àforíjì lẹ́nu géètì. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan dúró níwájú àwọn àgbà kí ó sọ pé, ẹ jẹ́ ká tún ètò wa wò. Èyí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ó ń dẹ́rù ba olùkọ́ tó kéré lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń dẹ́rù ba èmi náà.

Ìgbà mìíràn wà tí kò gbà ju àkíyèsí lọ. Ọmọ JSS1 kan wà tí olùkọ́ bíi mẹ́ta fi sùn pé ó gbójú, wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Nígbà tó jókòó síwájú mi, ó ń dáhùn dáadáa. Nígbà tí mo dìde lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo pe orúkọ rẹ̀, kò mira. Etí rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣọyún láti kékeré, òróró ni wọ́n ń kán sí i nílé. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jẹ́ kó jókòó níwájú, kí wọ́n máa kọjú sí i bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan yára dábàá pé kí a gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn adití ní Ìkòrò. Iṣẹ́ ńlá ni ilé ìwé náà ń ṣe, bí ti àwọn afọ́jú ní Ìkéré ṣe ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ràn bí ènìyàn bá kọjú sí i, ilé ìwé tó wà nítòsí ilé ìyá rẹ̀ ló tọ́ sí i. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ọ̀rọ̀ yíyan ẹ̀ka ní SS1 náà wà níbẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá yàn fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló máa ti ilẹ̀kùn tàbí ṣí ilẹ̀kùn fún un níwájú JAMB lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tí kò ṣe Físíìsì, kò sí ibi tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ ka òfin tí kò ṣe Lítíréṣọ̀ ti fi ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ tí a ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn bíi tiwa, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ka iye tó ní, bàbá tí kò kàwé a máa fẹ́ kí ọmọ ṣe dókítà dandan, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ti jà fún ọmọbìnrin kan kí ó lè rí ìjókòó nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ọmọ tí Ìṣirò dùn mọ́, tí wọ́n fi sí áàtì torí pé sáyẹ́ǹsì ti kún. Mo mú èsì rẹ̀ láti JSS1 dé JSS3 lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi wé ti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ tó wà nínú kíláàsì tó kún náà. Wọ́n fi wé e. Àga kan yọ.

Èyí tó gba agbára mi jù ni ti ọmọbìnrin tó lóyún.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìwé ìlékúrò kankan. Ọmọ á kàn dákẹ́ wíwá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ kíláàsì á fi bírò pupa fa orúkọ rẹ̀, ó parí. Bó bá ṣe ọmọ ilé ìwé ló fún un lóyún, ọmọkùnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ. Mi ò tí ì rí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi bí èyí ṣe jẹ́ ìdájọ́ òdodo.

Òfin ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Abala 15 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 sọ ọ́ kedere pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un láǹfààní láti máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ lẹ́yìn tó bá bímọ, gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti sọ òfin náà di tiwọn. Mo tẹ ojúewé yẹn jáde, mo sì fi sínú fáìlì mi. Ọ̀pọ̀ pírínsípà tí mo fi hàn kò rí i rí, èyí ò sì jẹ́ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Àṣà ni wọ́n bá, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ yìí wà ní SS2. Bàbá rẹ̀ ti ní òun ò fẹ́ rí i, ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn nítòsí. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dá lọ, olùkọ́ tó wá tú ilé wò ni wọ́n máa kà mí sí. A jókòó, wọ́n fún wa lómi, a sọ̀rọ̀ òjò àti ti ọjà kí a tó débi ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà ti sọ tiwọn, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda èmi àti ọmọ náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Kò sí ẹni tó tíì bi í ní irú ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ WAEC, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ dúró lórí ìlà ní ìpéjọ àárọ̀ kí àwọn ọmọ JSS máa wo òun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé ìwé. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an sọ pé bí a bá gbà á padà, àwọn ọmọbìnrin yòókù á rò pé kò sí ìjìyà. Mo dá wọn lóhùn pé gbogbo ọmọbìnrin ilé ìwé yìí ló ti rí ìjìyà náà: wọ́n rí i tó ń ṣàìsàn, wọ́n rí i tí bàbá lé e jáde, wọ́n mọ̀ pé ó ti bọ́ kúrò lẹ́gbẹ́. Ohun tí wọn ò tíì rí ni ìpadàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ò tán lọ́jọ́ náà. Ó gba ìpàdé mìíràn, ó sì gba kí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tó jẹ́ bàbá ọmọbìnrin mẹ́rin, dìde sọ̀rọ̀. Ètò AGILE, tí Báńkì Àgbáyé ń fi owó ràn lọ́wọ́ tí Èkìtì sì wà lára ìpínlẹ̀ méje tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, náà ràn wá lọ́wọ́, nítorí ó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin di ohun tí ènìyàn lè sọ sókè nípàdé láìjẹ́ pé wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń ti ìwà ìbàjẹ́ lẹ́yìn.

Ó padà wá nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti lè jókòó. Ìyá ìyá rẹ̀ kó wá sí ìlú kí ó lè máa tọ́jú ọmọ. Nígbà náà ni mo tó rí i pé gbogbo àríyànjiyàn tí a ti ṣe, a ò rántí ọmú. Ọyàn rẹ̀ á kún kí ìsinmi tó dé, á máa dun ún, aṣọ rẹ̀ á tutù. Ilé ò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ géètì ò lè jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé jáde láàárín ọ̀sán. Lẹ́tà kúkúrú kan tí pírínsípà buwọ́ lù ló yanjú rẹ̀: kí ó jáde nígbà ìsinmi, kí ó sì padà kí ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ èyí torí pé àwọn tó ń kọ nípa ìjà fún ẹ̀tọ́ ọmọ máa ń sọ nípa òfin àti ìjọba, èyí sì dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí òfin ti dá sílẹ̀ ṣì lè fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí géètì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí, ti ọmọ tí àgbàlagbà bá fipá bá lòpọ̀ tàbí tí àgbàlagbà bá ń fọwọ́ pa lára. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé mo ń pa àṣírí mọ́, àfi bí ẹ̀mí tàbí ara rẹ̀ bá wà nínú ewu, nígbà náà mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó lè gbà á. Ó yẹ kó mọ̀ ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ẹbí á wá pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, pé ẹni náà ti bẹ̀bẹ̀, pé kí á má ba orúkọ ìdílé jẹ́. Wọ́n á rán ẹni tí mi ò lè kọ̀ fún sí mi. Mo ń fi ọ̀wọ̀ dáhùn, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò níbi tó wà. Èkìtì ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá bẹ́ẹ̀ láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Moremi Clinic wà ní Adó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òbí tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn: oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ó sì dára jù kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wẹ̀ fún ọmọ, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ gbé e lọ. Ìpàdé ẹbí lè dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ kánsẹ́lọ̀ tó ń wá ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ wa máa ń bi mí bí ènìyàn ṣe ń ta ko ọ̀gá láìjẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ń sọ fún wọn pé ojúkojú, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀gá tí o bá já ní ìpàdé kò ní gbà, bí o tilẹ̀ jàre, torí ojú ń wò ó. Jẹ́ kí ìpinnu náà di tirẹ̀, kí òun fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀. Ọmọ ló ń jèrè, orúkọ rẹ ò ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń tẹnu mọ́ jù ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè. Ọmọkùnrin kan tí a ń bá wá owó fọ́ọ̀mù sọ fún mi pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé màmá mi ń tọrọ owó. Ẹ kàn ní mi ò tíì rí i.” Bí mo bá ti lọ sọ gbogbo rẹ̀ kí àánú lè ṣe wọ́n, mo lè rí owó náà, ọmọ náà ò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ọmọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ọmọ ní kí ó sọ àti èyí tó ní kí ó fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí tóbi ju àyè tí wọ́n fún un lọ. Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn kánsẹ́lọ̀ kan fún ọmọ 250, wọ́n sì ka gbígbèjà ọmọ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Níhìn-ín, kánsẹ́lọ̀ kan ni gbogbo ilé ìwé máa ń ní, bí ó bá tiẹ̀ ní rárá, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń kọ́ kíláàsì bí àwọn olùkọ́ yòókù. Mo ti lo yàrá tó jẹ́ ìdajì ilé ìkẹ́rùsí, tí ẹni tó bá wá mú ṣọ́ọ̀kì á kan bá ọmọ tó ń sunkún. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti Àjọ Ìgbanisíṣẹ́ Olùkọ́ ò pọ̀: yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, àti kí wọ́n dín kíláàsì tí kánsẹ́lọ̀ ń kọ́ kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé lọ́nà Ẹmùré, tó jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gba ọ̀nà oko wá sọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé ìwé jẹ. Òbí ń bẹ̀rù, ọmọ ń bẹ̀rù. Wọ́n ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́. Mo ní ẹ̀rù tí wọ́n ń bà tọ́, pé kí a kọ́kọ́ tètè máa túká, kí àwọn ọmọ ọ̀nà kan náà máa jọ lọ, lẹ́yìn náà kí n tó bá wọn sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni ìgbékúrò. Wọ́n ń gbé olùkọ́ láti ilé ìwé kan sí òmíràn, bí mo bá sì lọ, gbogbo ohun tí mo ti bá ọmọ gbà lè tẹ̀ lé mi lọ. Pírínsípà tuntun kò mọ̀ nípa lẹ́tà tó wà ní géètì. Olùkọ́ tuntun á tún pe ọmọ tí kò gbọ́ràn ní agbójúgbóyà. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ipò mi. Mi ò kọ àṣírí ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ohun tí ilé ìwé ti gbà láti ṣe ni mo ń kọ: ọmọ yìí gbọ́dọ̀ jókòó níwájú ní apá ọ̀tún, ọmọ yìí láṣẹ láti jáde nígbà ìsinmi, Ìṣirò kò gbọdọ̀ padà sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ìyá yìí ni kí ẹ pè, ẹ má pe bàbá. Pírínsípà á buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ igbákejì. Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò gbẹ̀yìn, obìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé. Ó ní òun ti ka ìwé náà, òun ti bá olùkọ́ tó ń ṣe tàímù-tébù jà díẹ̀ lórí Ìṣirò, ó sì fẹ́ mọ orúkọ alága ẹgbẹ́ òbí tó lọ́mọbìnrin mẹ́rin, torí pé ọmọ mìíràn ti dákẹ́ wíwá ní SS1.